Ooru Tí Wọ́n Fúnra Wọn Yàn: Ìtàn Afàyàfà Ilẹ̀ Wa Nínú Òtútù Òkè Òkun

Ní Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì, nítòsí ààfin Ewì, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ọjà ńlá ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ya ìsọ̀ àwọn lẹ́kúlẹ́jà kò ní ṣàì bá afàyàfà pàdé. Orí ejò gbígbẹ, ìkarahun ahun, ọ̀gà tí wọ́n ti sá gbẹ. Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ahun ààyè máa ń wà nínú agbọ̀n. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ọyẹ́, ahun inú agbọ̀n á fa orí àti ẹsẹ̀ wọlé ṣinṣin, ewé tí wọ́n jù sí i kò ní jọ ọ́ lójú. Bí oòrùn bá wá ràn dé ibi tí agbọ̀n wà, ọrùn á yọ díẹ̀díẹ̀, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ẹsẹ̀ á sì máa wá ọ̀nà àtisá. Kò sẹ́ni tó fún un lóògùn, oòrùn ló jí i. Ohun tí aláta àti aláṣọ ń rí lójoojúmọ́ yìí, tí wọn kò kà sí nǹkan kan, òun ni àwọn tó ń sin afàyàfà ní ìlú òtútù fi ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ òkú ẹran kọ́. Ohun tí mo sì fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé ìtàn bí afàyàfà ilẹ̀ wa ṣe yè nínú òtútù òkè òkun kì í ṣe ìtàn iná dídá nìkan. Àwọn ẹran wọ̀nyí kò fẹ́ ooru kan ṣoṣo tí ènìyàn fi há wọn mọ́. Ààyè láti yan ooru ni wọ́n ń fẹ́. Níbi tí wọ́n ti rí ààyè yẹn, wọ́n yè. Níbi tí wọn kò ti rí i, wọ́n kú, ìbáà jẹ́ inú òtútù, ìbáà jẹ́ ìdí iná.

Ẹ wo alángbá ara ògiri wa ná. Ní ìdájí, akọ tí a mọ̀ sí olórí pupa kò ní àwọ̀ kankan tó jọjú. Ara rẹ̀ ṣú bí erùpẹ̀. Ó máa lọ nà gbalaja sórí òkúta tàbí páànù tó dojú kọ ìlà-oòrùn, nígbà tí ara rẹ̀ bá sì yá, orí á pọ́n, ara á di aláró. Bí ọ̀sán bá mú jù, ó ti wọ abẹ́ òjìji. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ tí yóò máa bọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Vernon Harris ṣe ìwádìí lórí alángbá yìí ní Ìbàdàn, ó sì kọ odindi ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní ọdún 1964. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Dakar ní ilẹ̀ Senegal, Madeleine Charnier kíyè sí ohun kan nínú ẹyin alángbá kan náà tí ayé kò tíì gbọ́ rí nípa afàyàfà: ẹyin tó wà nínú ooru bíi 26 tàbí 27°C fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ abo tán, èyí tó wà ní 29°C sì di akọ. Ìwọ̀n méjì péré ló wà láàárín abo àti akọ. Ibi tí ìyá bá yé ẹyin sí ló ń pinnu irú ọmọ tí yóò bí. Àwárí tí àwọn onímọ̀ gbogbo àgbáyé ń tọ́ka sí títí dòní, ara alángbá tí àwọn ọmọ wa ń sọ lókò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Àwọn yòókù náà ní ọgbọ́n tiwọn. Erè kúkúrú, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní ball python nítorí pé ó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, kì í gbé ojú oòrùn. Inú ihò òkété àti inú ògán ló ń fi ọ̀sán pamọ́ sí, nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ kì í gbóná jù, kì í tutù jù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì lọ́rinrin kódà nígbà tí ọyẹ́ bá ń la ètè ènìyàn. Awọ́nríwọ́n etí odò tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: abo rẹ̀ máa ń gbẹ́ ara ògán, á yé ẹyin sínú rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ikán á dí ojú ihò náà padà, ooru inú ògán tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà á sì bá a tọ́jú ẹyin di ọmọ. Nínú gbogbo èyí, ẹran náà ló ń yan ibi tó bá a lára mu, wákàtí sí wákàtí, ìgbà sí ìgbà. Òtútù tiwa sì fún un láyè láti yàn. Ní Adó-Èkìtì, ooru òru ọyẹ́ lè lọ sísàlẹ̀ 20°C kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n, oòrùn á ti gbé e kọjá 30. Ọjọ́ tó kúrú jù lọ nínú ọdún níbẹ̀ ṣì ní ìmọ́lẹ̀ tó ju wákàtí 11 lọ. Ní London, ọjọ́ tó kúrú jù lọ kò pé wákàtí 8, ọ̀sán oṣù kìíní kì í sábà ju nǹkan bíi 8°C, òtútù náà sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Nítorí náà ni ẹni tó ń sin afàyàfà nílẹ̀ wa kò ṣe ní láti dáná fún un. Ìjàpá ńlá ààfin Sọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, Alàgbà, tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Àwọn ará ààfin ní ó ti pé ọdún 344. Àwọn tó mọ̀ nípa ìjàpá kò gba ìyẹn gbọ́, ó sì tọ́ kí wọ́n ṣiyèméjì, nítorí ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ju ti ìjàpá èyíkéyìí tí a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè jiyàn pé ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ààfin náà, pé ó la ọ̀pọ̀ ọyẹ́ kọjá láìsí iná kankan ní ìdí rẹ̀. Ohun tó ní ni àgbàlá láti rìn, oòrùn láti yá, àti òjìji láti sá sí. Bákan náà ni ti tẹ́ńpìlì erè ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin. Kí Àgájà ọba Dahomey tó ṣẹ́gun ìlú náà ní 1727 ni àwọn ará Hueda ti ń bọ Dangbé, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa erè. Willem Bosman, oníṣòwò ará Holland, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1704. Títí dòní, wọ́n máa ń tú àwọn ejò náà sílẹ̀ lóru kí wọ́n lọ wá oúnjẹ, ará ìlú tó bá sì bá ọ̀kan nínú ilé rẹ̀ á gbé e padà wá. Ilé tí wọ́n ń sin ejò sí ni, ṣùgbọ́n ejò ibẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde.

Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹran wọ̀nyí lọ sílùú wọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ni pé òtútù ń pa wọ́n. Ọgbà ẹranko London ṣí ilé afàyàfà sílẹ̀ ní 1849, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé, wọ́n sì ń fi iná mú un gbóná. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ilé tó gbóná bákan náà láti òkè dé ilẹ̀ kò tíì tó. Àwọn ejò fúnra wọn ló kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Paris ní 1841, àwọn onímọ̀ rí i pé erè ilẹ̀ Íńdíà tó ká mọ́ ẹyin rẹ̀ gbóná ju inú àpótí tó wà lọ. Ní 1862, erè ńlá ilẹ̀ Áfíríkà, irú èyí tó wà nínú igbó tiwa náà, yé ẹyin ní ọgbà London, ó sì ká mọ́ wọn. Philip Sclater tó kọ nípa rẹ̀ rí i pé abo náà gbóná ju akọ tí wọ́n jọ wà nínú àpótí kan náà. Báwo ni abo ejò ṣe ń rí ooru yìí? Ti ilẹ̀ Íńdíà máa ń gbọ̀n ara rẹ̀ kí iṣan rẹ̀ lè gbóná. Ní ti ìbátan erè ńlá wa tó wà ní ìhà gúúsù Áfíríkà, ìwádìí Graham Alexander tó jáde ní 2018 fi hàn pé ńṣe ni abo ń jáde lọ sí ẹnu ihò, á yá oòrùn títí ara rẹ̀ á fi lé ní 40°C, á wá padà lọ ká mọ́ ẹyin kó lè gbé ooru náà fún wọn. Àwọ̀ rẹ̀ á tilẹ̀ dúdú ní àkókò yẹn kó lè gba oòrùn sára dáadáa. Ẹran tó ń ṣe irú làálàá báyìí nítorí ooru kì í ṣe ẹran tí a lè fi sínú àpótí olóoru kan ṣoṣo kí a sì ní a ti tọ́jú rẹ̀.

Obìnrin kan ló yí ọ̀rọ̀ náà padà ní London. Joan Procter di alábòójútó afàyàfà ọgbà náà ní 1923, ilé afàyàfà tuntun tí òun fúnra rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ sì ṣí ní 1927. Nínú ilé yìí, iná mànàmáná ń mú apá kan nínú ibùgbé ẹran gbóná ju apá kejì lọ, kí ẹran lè sún mọ́ ooru tàbí kó jìnnà sí i bó ṣe wù ú. Wọ́n tún fi irú gíláàsì kan sí i tó ń jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí kọjá, nítorí pé ìtànṣán yẹn ni ara ọ̀pọ̀ afàyàfà fi ń ṣe fítámì D tí egungun nílò. Procter kú ní 1931, kò tíì pé ọdún 35, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ni gbogbo ayé ń tọ̀ báyìí. Ní 1944, Raymond Cowles àti Charles Bogert kọ ìwádìí wọn jáde lórí afàyàfà aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi hàn pé rírìn láàárín oòrùn àti òjìji ni ẹran wọ̀nyí fi ń ṣàkóso ooru ara wọn, kì í ṣe pé ooru ayé kàn ń gbé wọn kiri. George Cansdale, tó ti ṣiṣẹ́ aṣọ́gbó ní Gold Coast kó tó di ọ̀gá ọgbà ẹranko London ní 1948, sì kọ ìwé lórí ejò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 1961. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣòro fún ẹni tó ń sin erè ní òkè òkun láti sọ pé òun kò mọ irú ilẹ̀ tó ti wá.

Síbẹ̀, ìmọ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú òwò. Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973, tí Nàìjíríà sì dara pọ̀ mọ́ ní 1974, gbà kí wọ́n máa ta erè kúkúrú lábẹ́ ìwé àṣẹ. Togo, Benin àti Ghana ló gba òwò náà mọ́ra. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé láti 1975, ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta erè ààyè tó ti kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti ilẹ̀ mìíràn. Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ló ń wú abo tó lóyún tàbí ẹyin nínú ihò ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn oníṣòwò Lomé á jẹ́ kí ẹyin náà pa, wọ́n á sì kó ọmọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bí ejò funfun àfín àkọ́kọ́ ní ìgbèkùn ní Amẹ́ríkà ní 1992, owó ńlá wọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì wá di ejò tí ọmọdé ń gbà bí ẹ̀bùn. Báyìí ni ẹran inú ihò òkété ṣe di ẹran inú àpótí gíláàsì ní yàrá tí yìnyín ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á kò mọ nǹkan kan nípa ihò òkété.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a ń ṣàníyàn: ṣebí ejò lè lo oṣù bíi mélòó kan láìjẹun, ṣebí ìjàpá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sùn ní gbogbo ìgbà òtútù? Òótọ́ ni pé Timothy, ìjàpá tí Gilbert White kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1789, máa ń rì ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, á sì jáde ní oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n etíkun Mẹditaréníà ni irú rẹ̀ ti wá, níbi tí òtútù ti jẹ́ ara ọdún láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Irú ìjàpá bẹ́ẹ̀ pàápàá, nígbà tí wọ́n kó o wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò rí òpin ọdún àkọ́kọ́, títí wọ́n fi fòfin de kíkó o wọlé ní 1984. Ahun igbó tiwa kò mọ oorun òtútù rárá. Ara rẹ̀ kò ní ètò fún un. Bí òtútù bá mú un dákẹ́ láàárọ̀ ọyẹ́, wákàtí díẹ̀ ni, oòrùn á sì yọ. Bí dídákẹ́ yẹn bá di ọ̀sẹ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ á jẹrà, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á kún, ikú ló kù. Àìjẹun ejò náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ̀ le. Ó lè jẹ́ pé ooru tí yóò fi da oúnjẹ ni kò ní.

Àwọn mìíràn á ní ejò tí wọ́n bí ní London, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ London, ti di ará ibẹ̀, òtútù ti mọ́ ọn lára. Ẹyin irú ejò bẹ́ẹ̀ gan-an ló tako wọn. Ó ṣì ń fẹ́ nǹkan bíi 31 tàbí 32°C fún bí oṣù méjì kó tó pa, gẹ́gẹ́ bí ẹyin inú ihò ilẹ̀ Togo. Ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún tí wọ́n fi ń bí wọn ní ìgbèkùn kò lè pa ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye ìran ti kọ sí wọn lára rẹ́. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú tó yè kooro ní ìgbà òtútù fi jẹ́ àfarawé ilẹ̀ wa: apá kan àpótí ní 31 sí 33°C, apá kejì ní nǹkan bíi 26°C, ibi ìfarapamọ́ ní ìhà méjèèjì, àti ẹ̀rọ tó ń pa iná tó sì ń tàn án fúnra rẹ̀ kí ooru má bàa ṣi lọ. Òkúta oníná tí ejò ń sùn lé lórí ti jó ọ̀pọ̀ wọn ní ikùn, nítorí pé ejò kì í tètè mọ̀ pé iná abẹ́ ń jó òun. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná tún máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ bí ọyẹ́, ejò kò sì ní lè bọ́ awọ rẹ̀ tán. Awọ àtijọ́ á lẹ̀ mọ́ ojú àti ìrù. Omi àti èèpo igi tútù nínú àpótí ni oògùn ìyẹn. Bí iná bá lọ, igò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé á gbé e dé àárọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí olówó rẹ̀ máa wò ó dáadáa, nítorí gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ejò tó ń yanu mí, tí ìfófòó ń yọ ní imú rẹ̀, ti ń ṣàìsàn tipẹ́ kí a tó rí i. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló kàn, kì í ṣe ìdí iná.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti ẹni tó sọ pé oògùn gbogbo rẹ̀ ni kí a má kó wọn lọ rárá. N kò ní bá a jiyàn púpọ̀. Wíwú abo tó lóyún nínú ihò lọ́dọọdún kò lè ṣe igbó láǹfààní, ó sì dára kí òfin ọdún 1985 tí Nàìjíríà ṣe lórí àwọn ẹranko tó fẹ́ parun ṣiṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àìkólọ kò lè gba àwọn tó ti wà níbẹ̀ là, kò sì sí ọ̀nà láti dá ejò tí wọ́n bí ní London padà sínú ihò òkété. Ẹni tó bá ti gbé ẹran kúrò níbi tó ti lè yan oòrùn àti òjìji fúnra rẹ̀ ti gba gbèsè lọ́rùn ara rẹ̀. Bó bá lè san gbèsè náà ní gbogbo òru ìgbà òtútù, kó sìn ín; bí kò bá lè san án, kó má rà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ àwa tí a wà nílé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ló wà ní London, Manchester àti Houston báyìí, àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ sì ń bẹ òbí wọn kí wọ́n ra erè tàbí ìjàpá fún wọn. Kí òbí wọn sọ fún wọn ibi tí ẹran náà ti wá àti ohun tí oòrùn ń ṣe fún un kí wọ́n tó náwó. Ẹ̀yin tó ń ta ahun ààyè ní Ọjà Ọba náà, ẹ má fi agbọ̀n sílẹ̀ sí ojú afẹ́fẹ́ láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ má sì fi í sínú oòrùn ọ̀sán níbi tí kò ti lè sá. Ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn àti òjìji ti pàdé, kí ẹ fi omi sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó yan ibi tó wù ú.